Ìtọ́jú RV: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti èsì wọn

Ọdún 2018 ni èmi àti ìyàwó mi ra RV wa, ìyẹn ilé orí táyà tí èèyàn ń gbé rìnrìn àjò. Àlòkù ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn pick-up fà. Ẹ̀bá Houston là ń gbé. Láti ìgbà náà, kò sí òde àríyá tí mo lọ ní Texas tí ẹnìkan ò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilé tí ẹ ń wọ́ kiri yẹn, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀?" Ẹnu ti ń ro mí, ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì o. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, àpò mi ló san owó ẹ̀kọ́ ẹ̀.

Ṣé ìtọ́jú RV yàtọ̀ sí ti mọ́tò tí a ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni?

Ó yàtọ̀ gan-an. Mo rò pé ọkọ̀ ni mò ń rà, àṣé ilé ni. Ilé yín tó dúró sójú kan, ẹ kì í gbé e sáré 60 máìlì ní wákàtí kan lórí títì tó ní kòtò. Ti RV, bó ṣe ń lọ ni gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n: kọ́bọ́ọ̀dù, ibi ìfọwọ́, páìpù, wáyà. Ìdè ń tú díẹ̀díẹ̀, ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ń là. Àgbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti kan èyí tó pọ̀ jù nínú RV tó wà ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kíákíá sì ni. Nítorí náà ẹni tó ra tuntun pàápàá, kó mú screwdriver lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó yẹ gbogbo ìdè ibẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Ojú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wò ó. A ó pààrọ̀ ọ́ìlì, a ó géèjì táyà, ó parí. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí RV tí ọ́ìlì pa. Omi ni mo rí tó ń pa wọ́n. Bí mo ṣe ń dáhùn lọ yìí, ẹ ó rí i pé ìdí omi ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí ṣáá.

Omi wo? Ṣé wọn ò ṣe é fún òjò ni?

Wọ́n ṣe é fún òjò, tí ẹ bá ń tọ́jú òrùlé ẹ̀. Ní ọdún tí a ra tiwa, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ìyàwó mi ní òun ń gbọ́ òórùn kan nínú yàrá, bíi ti aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí kó tó gbẹ. Mo ní kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi àtàǹpàkò tẹ ara ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ògiri ti pàdé àjà. Àtàǹpàkò mi wọlé wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ. Pákó inú ògiri ti jẹrà tán. Nígbà tí mo gun òkè lọ wò ó, ohun tó dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀ ò gùn ju ìka mi lọ: gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí ihò afẹ́fẹ́ ló ti gbẹ, tó sán bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ilé iṣẹ́ tí mo gbé e lọ gba ohun tó lé ní 2,000 dọ́là lọ́wọ́ mi. Gọ́ọ̀mù tí ǹ bá fi dí i, ẹ lè rí i rà ní owó oúnjẹ ẹnìkan ní búkà.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí ẹ máa yẹ òrùlé wò. Ẹ gbé àkàbà, ẹ wò yípo gbogbo ohun tó gún òrùlé jáde: ihò afẹ́fẹ́, ẹ́ẹ̀sì, eríàlì, páìpù tó ń fa òórùn tánkì ìgbẹ́ jáde, àti etí òrùlé níwájú àti lẹ́yìn. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti sán tàbí tó ti ṣí, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fi irú gọ́ọ̀mù tó bá òrùlé yín mu dí i. Èyí tó ń tẹ́ fúnra ẹ̀ ni ti orí òrùlé. Ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ni èyí tí kì í ṣàn. Ẹ má fi silicone ṣe é, nítorí lọ́jọ́ tó bá ṣí, kò sí gọ́ọ̀mù mìíràn tí yóò lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ mọ́. Bí òrùlé yín bá sì jẹ́ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM, ẹ má jẹ́ kí kẹrosínì, pẹtiróòlù tàbí ọṣẹ tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe kàn án, yóò wú ni. Mo mọ ẹnìkan tó lọ ra ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ ihò pánù nílé, tó rẹ́ ẹ mọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ má bi mí ní ibi tó parí sí.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ inú lọ. Ẹ fi ọwọ́ tẹ gbogbo kọ̀rọ̀ ògiri, inú kọ́bọ́ọ̀dù òkè, abẹ́ fèrèsé, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwẹ̀. Bí ara ògiri ìta bá ti ń wú bí àléfọ́, omi ti wà nínú ẹ̀ ó pẹ́.

Ìlà ara táyà mi ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Kí ló dé tí wọ́n ní kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Ọjọ́ orí ẹ̀ ni. Táyà RV kì í rìn tó kí ìlà ẹ̀ tó pa rẹ́. Ojú kan ló máa ń wà nínú oòrùn, tó ń gbẹ, tó ń sán láti inú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra táyà tòkunbọ̀ rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọjọ́ orí ẹ̀: lẹ́yìn àmì DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tó bá ti pé ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, èmi a pààrọ̀ ẹ̀, ìlà ẹ̀ ìbáà jinlẹ̀ bíi kànga. Táyà tó bẹ́ lábẹ́ irú ọkọ̀ yìí kì í bẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, yóò fa páìpù àti wáyà ya lábẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, ni kí ẹ géèjì ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà tó ti gbóná ń parọ́. Ti irú tiwa tí wọ́n ń fà, iye tó wà lára pátákó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri RV ni kí ẹ fẹ́ ẹ dé. Ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n kọ ST sí lára (ti ọkọ̀ tí wọ́n ń fà) ni wọn ò ṣe fún eré tó ju 65 máìlì ní wákàtí kan lọ. Mo mọ̀ pé lórí títì márosẹ̀ I-10, gbogbo ayé ló ń sá 80. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Bẹ́árìn wíìlì ńkọ́?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, tàbí ní 12,000 máìlì, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé: ẹ tú u, ẹ fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, ẹ ki tuntun. Ìgbà yẹn náà ni kí ẹ wo bíréèkì. Tí a bá dúró ra epo lójú ọ̀nà, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí gbogbo wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Nọ́ọ̀tì wíìlì pẹ̀lú, tí wọ́n bá ti yọ ọ́ fún iṣẹ́ kan, ẹ fi torque wrench (spánà tó ń wọn bí ìdè ṣe le tó) fún un lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn bíi 50 máìlì, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀.

Ṣé omi inú tánkì ṣe é mu?

Ó ṣe é mu tí ẹ bá ń fọ tánkì. Tí ẹ ò bá ń fọ̀ ọ́, kó jẹ́ pé ẹ̀ ń fi fọ abọ́ nìkan, ìyẹn gan-an ò dáa tó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń ṣe tèmi, àti nígbàkígbà tó bá ti dúró pẹ́ láìlọ síbì kan. Ẹ̀ ń wá blíìṣì lásán, tí kò ní òórùn òdòdó tàbí ọṣẹ nínú, irú èyí tí a ń pè ní Jik nílé. Ìdá mẹ́rin ife kan, bíi 60 ml, fún gálọ́ọ̀nù 15 tánkì yín. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi nínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó dà á sí i, ẹ wá rọ omi kún un. Ẹ yọ àsẹ́ omi kúrò. Ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan, tútù àti gbígbóná, títí kan ìwẹ̀ àti ti ìta, títí ẹ ó fi gbọ́ òórùn blíìṣì níbẹ̀. Ẹ pa á, kó sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì ẹ dà gbogbo ẹ̀ nù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta títí òórùn yóò fi lọ.

Ohun kan tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọn a so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ omi káńpù (ibi tí wọ́n ń gbé RV sí sùn) tààrà. Agbára omi àwọn káńpù mìíràn lè ju 80 psi lọ. Ẹ ra regulator kékeré tó ń dín in kù sí bíi 45 psi, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi káńpù kó tó dé ara rọ́bà yín. Páìpù inú ògiri tó bẹ́ nígbà tí ẹ ti jáde lọ wo òkun, ẹ ó ka iye ẹ̀.

Mo gbọ́ pé irin kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀?

Irin ìrúbọ ni. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Suburban, irin ni tánkì ẹ̀, wọ́n wá ki ọ̀pá kan sínú ẹ̀ kí omi máa jẹ ọ̀pá náà dípò tánkì. Ẹ yọ ọ́ lọ́dọọdún. Èyí tí mo kọ́kọ́ yọ rí bí egungun ẹja pánla tí wọ́n ti jẹ tán: wáyà tín-ín-rín kan ló kù láàárín. Tí mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ bá ti lọ, ẹ fi tuntun sí i, kò wọ́n. Tánkì Atwood ní tiẹ̀, tí ó ti di Dometic báyìí, aluminium ni. Kò nílò ọ̀pá, ẹ má ki í sí i.

Kí ẹ tó tú u, ẹ pa iná àti gáàsì, ẹ jẹ́ kó tutù tán, ẹ pa omi, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kan kí agbára inú ẹ̀ jáde. Tí ẹ bá tú u ní gbígbóná, yóò tú omi gbígbóná sí yín láyà. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ rí i pé omi ti kún tánkì kí ẹ tó tan ti iná mànàmáná. Tánkì òfìfo ń jó element (irin tó ń gbé omi gbóná) láàárín ìṣẹ́jú akàn.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ tánkì ìgbẹ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi mí, pàápàá tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n dé káńpù, wọ́n so páìpù, wọ́n ṣí ẹnu tánkì sílẹ̀ gbayawu fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi yóò ṣàn lọ, ohun tó le yóò jókòó, yóò di òkìtì tó gan bí òkúta. Ẹ pa á dé títí yóò fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ti ìgbẹ́ kọ́kọ́, kí ẹ tó ṣí ti omi ìfọwọ́ àti ìwẹ̀, kí omi ọṣẹ lè bá yín ṣan páìpù. Tí ó bá ti tán, ẹ da gálọ́ọ̀nù omi díẹ̀ padà sínú ẹ̀ kó má ṣe gbẹ. Omi ni oògùn ẹ̀. Ẹ má ṣahun omi sí i.

Tíṣù tó ń yọ́ ni kí ẹ rà. Ẹ fi ẹyọ kan sínú ike omi, ẹ mì ín. Tó bá túká, ó dára. Tó bá ṣì wà bí aṣọ, ẹ gbé e lọ sínú ilé. Ibọ̀wọ́ tí ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí àti rọ́bà tí ẹ fi ń fọ ibẹ̀, ẹ má tọ́jú wọn pọ̀ mọ́ rọ́bà omi mímu.

Texas là ń gbé. Ṣé ó yẹ ká máa dààmú nípa òtútù?

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 2021. Ẹ rántí òtútù ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí iná lọ káàkiri ìpínlẹ̀. Inú ilé la wà tí a da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, mi ò tilẹ̀ rántí RV. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí mo so rọ́bà mọ́ ọn, omi ń jáde lábẹ́ ibi ìfọwọ́, lẹ́yìn tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, àti láti ibì kan tí mi ò tíì rídìí ẹ̀ títí tí mo fi tú ògiri. Páìpù ti di ajere. Omi tó bá di yìnyín a máa wú, kò sì bìkítà pé Houston lẹ wà.

Ọ̀nà ẹ̀ ò le. Ẹ dà gbogbo omi nù: tánkì mímu, ẹ̀rọ omi gbígbóná, àti ihò ìdàmi tó wà nísàlẹ̀ páìpù méjèèjì, ti tútù àti ti gbígbóná. Ẹ yí bypass ẹ̀rọ omi gbígbóná (ẹnu tó ń jẹ́ kí omi kọjá láìwọ inú ẹ̀) kí antifreeze, oògùn tí kì í jẹ́ kí páìpù dì, má ṣe kún inú ẹ̀ lásán. Ẹ wá ki ẹnu rọ́bà pọ́ǹpù sínú antifreeze aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà fún RV, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi níkọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí i tó jáde pupa. Gálọ́ọ̀nù méjì sí mẹ́ta tó fún irú tiwa. Ẹ da díẹ̀ sínú ihò ìfọwọ́ àti ìwẹ̀. Antifreeze mọ́tò kọ́ o, májèlé ni ìyẹn.

Bátìrì mi kì í pé ọdún méjì. Kí ló ń pa á?

Ẹ̀yin ni. Bátìrì olómi tí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì kí ẹ tó fi iná sí i, ẹ̀mí ẹ̀ ń kúrú. Tó bá kún tó sì ti sinmi, yóò wà ní bíi 12.7 volt, tó bá ti dé 12.1, ó ti dé ìdajì, ẹ fi iná sí i. Ẹ máa ṣí orí ẹ̀ lóṣooṣù. Omi bátìrì nìkan lẹ máa fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì. Tí RV bá máa dúró pẹ́, ẹ yọ wáyà ẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì nínú ilé ń mu iná tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá ti lo lithium, ìdajì ò kàn án, ṣùgbọ́n kó má ṣe fi iná sí i nígbà tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 32°F.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?

Ta ni ó yẹ kó kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní ìtọ́jú jẹnẹ? Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé níbí, a kì í lò ó tó. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìjókòó. Pẹtiróòlù yóò di bí oje igi nínú kábúrétọ̀. Ẹ tan án lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún wákàtí méjì, kí ẹ sì fi ẹrù lé e, ẹ tan ẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin tí RV yín ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yín kò yàtọ̀: ọdún ni kí ẹ fi ka ìgbà ìpààrọ̀ ọ́ìlì bí máìlì ò bá pé.

Gáàsì ń bà mí lẹ́rù.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi, ẹ fi kànìnkànìn pa á sí gbogbo oríkèé páìpù. Ibi tó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Gáàsì propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ fi wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ẹ má fi àpò ìrẹsì dí i. Ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ ikú tiẹ̀, ọdún márùn-ún sí méje, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà kí ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ní ìta, ẹ wo ihò tí ẹ̀rọ agbóná-ilé ń mí gbà, agbọ́n fẹ́ràn láti mọ ilé síbẹ̀, alántakùn sì ń wọ inú páìpù iná fíríìjì àti ti omi gbígbóná.

Kí ló dé tí iná fi ń já ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé omi tíì kaná?

Bí RV yín bá jẹ́ ti 30 amp, gbogbo iná tó ní ò ju 3,600 watt lọ. Ẹ́ẹ̀sì ti mú bí ìdajì. Kẹ́tùlù gba 1,500. Microwave bá tún wọlé, ó parí. Ẹ pa ọ̀kan. Èyí tó burú ju kó já ni iná tí kò gún. Ní àsìkò ooru tí gbogbo káńpù bá tan ẹ́ẹ̀sì pọ̀, volt lè lọ sísàlẹ̀ 105, ìyẹn a sì máa pa ẹ́ẹ̀sì. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń gé iná nígbà tó bá lọ sílẹ̀ jù tàbí tó ga jù. Ẹni tó ti lo NEPA, kò yẹ kí a tún máa bẹ̀ ẹ́.

Yàrá tó ń yọ síta (slide) ń ké nígbà tí a bá ń ti í wọlé.

Ẹ fi òróró gbígbẹ (dry lubricant) fọ́n ojú irin ẹ̀, ẹ má lo gíríìsì, yóò kó yanrìn. Rọ́bà etí ẹ̀, oògùn rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí ẹ tó tì í, ẹ gun òkè ẹ̀ kí ẹ gbá ewé kúrò. Ewé ń gbé omi wọlé, a tún ti dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ṣé a lè ro àmàlà nínú ẹ̀ láìsí ìyọnu?

Ẹ lè rò ó. A ń rò ó ní Galveston, a ń rò ó ní Garner, òórùn irú sì ti mú kí aládùúgbò kan wá béèrè ohun tí à ń sè. Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gáàsì tó ń jó àti omi tó ń hó ń tú ooru omi jáde, ilé náà sì kéré. Ní òwúrọ̀, ẹ ó rí omi tó ń ṣàn lójú fèrèsé, tó ń wọ inú pákó ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé omi àmàlà kaná, ẹ ṣí fèrèsé kan níwọ̀nba, ẹ tan fáànù òrùlé kó máa fà á síta, ẹ má sì pa á títí tí ẹ ó fi fọ ìkòkò. Ìyàwó mi ti so aṣọ inura kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Bó bá ti ń yí orógùn, èmi ló ń rán pé kí n lọ nu fèrèsé.